Àwọn àṣìṣe tó ń tètè pa Volkswagen Ìjàpá

Láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè lọ́dún 2023 ni àwọn èèyàn ti tún ń wá Ìjàpá kiri, tí wọ́n ń wọ́ èyí tí bàbá wọn pa tì síta lẹ́yìnkùlé. Inú mi dùn sí i gan-an ni. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí pọ̀. Òun ló gbé tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ìjọba lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì yẹ kó jẹrà sábẹ́ igi máńgòrò. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jí dìde yìí kì í pẹ́ lójú títì kí ẹ́ńjìnì wọn tó kú, ọjọ́ ogbó kọ́ ló sì ń pa á. Ìtọ́jú ọkọ̀ tó ń mu omi ni wọ́n ń fún ọkọ̀ tí kì í mu omi.

Ìjàpá kò ní rédíétọ̀. Atẹ́gùn àti ọ́ìlì ló ń tù ú lára, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe tó burú jù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan kó páànù ẹ́ńjìnì yín dànù. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ ó rí páànù dúdú tó yí ẹ́ńjìnì ká, àti rọ́bà gígùn tó dí àlàfo tó wà láàárín páànù náà àti ara ọkọ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí atẹ́gùn tútù dúró lókè, kí èyí tó ti gbóná dúró nísàlẹ̀, kí àwọn méjèèjì má sì pàdé. Ẹni tí kò mọ Ìjàpá á yọ páànù kan kí ọwọ́ rẹ̀ lè tètè dé plọ́ọ̀gì, kò ní dá a padà, á ní ọkọ̀ á túbọ̀ rí atẹ́gùn mí. Irọ́ ni. Ooru tí ẹ́ńjìnì tú sísàlẹ̀ ni fáànù á máa fà padà sókè. Sílíńdà kẹta, tó wà lápá òsì níwájú, ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, torí pé nínú àwọn ẹ́ńjìnì tó ṣáájú ọdún 1971, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára dúró sójú ọ̀nà atẹ́gùn tó ń lọ síbẹ̀.

Bẹ́líìtì ńkọ́? Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí dàínámò tó ń fún bátìrì ní iná, ẹ̀yìn dàínámò yẹn náà ni fáànù so mọ́. Nínú ọkọ̀ mìíràn, bí iná pupa bátìrì bá tàn, ẹ lè rọra wa á délé. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú Ìjàpá. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ lọ wo ẹ̀yìn. Bí bẹ́líìtì bá ti já, kò sí atẹ́gùn kankan mọ́, ìwọ̀nba kìlómítà díẹ̀ sì tó láti sun ẹ́ńjìnì náà.

Kò sì yẹ kí ẹ máa dúró de mẹkáníìkì kí ẹ tó fún bẹ́líìtì le. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín: ó yẹ kó wọlé tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ki skúdíráfà bọ àyè kékeré tí wọ́n gé sétí púlì dàínámò, kó fi ara ti bóòtù tó wà níbẹ̀ kí púlì má baà yí, kí ẹ wá fi sípánà 21 tú nọ́ọ̀tì àárín. Púlì náà á pín sí méjì, ẹ ó sì rí àwọn wáṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárín rẹ̀. Ẹ yọ ẹyọ kan níbẹ̀, ẹ fi í síta lábẹ́ nọ́ọ̀tì, ẹ dè é padà. Ẹ má sọ wáṣà kankan nù o. Ọjọ́ tí ẹ bá ra bẹ́líìtì tuntun, ẹ ó tún nílò rẹ̀ láàárín.

Ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì yìí ń gbà kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ. Kò ní fíltà oníbébà, asẹ́ onírin lásán ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó bá sọ pé ọ́ìlì olówó ńlá lè rin 10,000 kìlómítà. Ní 5,000, ẹ dà á nù, kí ẹ sì fọ asẹ́ náà. Ọ́ìlì tó ṣàn bí omi, irú 5W-30 tí wọ́n ń rọ sínú ọkọ̀ tuntun, kò bá oòrùn ilẹ̀ wa àti ẹ́ńjìnì yìí mu. 20W-50 sàn jù. Nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà ló di páànù asẹ́ mú, ara ẹ́ńjìnì, tó jẹ́ magnesium (irin fífúyẹ́ kan), ni wọ́n sì wọ̀ sí. Ẹni tó bá fi agbára dè wọ́n á bọ́ wọn ní téèdì.

Ọ̀rọ̀ tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àyè kékeré tó wà láàárín fáàfù àti apá tó ń tì í, ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Wọn a ní, "Ẹ́ńjìnì mi dákẹ́ rọ́rọ́, kò ní ìṣòro." Ìjàpá tó bá dákẹ́ jù ló yẹ kó bà yín lẹ́rù, torí pé fáàfù tó fún jù kì í pariwo, ńṣe ló máa ń jóná. Mìlímítà 0.15 ni àyè tó yẹ kó wà níbẹ̀, àárọ̀ kùtùkùtù tí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá ni kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún yín lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wakọ̀ dé.

Ó wá ku iná. Iwájú ni táǹkì epo wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà, rọ́bà kúkúrú kan ló sì ń gbé epo dé kábúrétọ̀ nínú ooru yẹn. Ẹ tẹ rọ́bà náà kọ́rọ́. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí tí wọ́n fi òwú hun sí lára máa ń fi ìlà yẹn pa mọ́, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ má gbé fíltà epo onírọ́bà kọ́ sókè ẹ́ńjìnì. Abẹ́ táǹkì ni kó wà. Bí magnesium bá gbiná, omi ń mú kó burú sí i ni, torí náà kí ohun èlò apaná oníyẹ̀fun wà nítòsí ọwọ́ yín, kí ẹ pa epo kó tó ran ara ẹ́ńjìnì.

Bátìrì náà wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Bí ìdérí rẹ̀ bá ti sọnù, ọjọ́ tí èèyàn méjì tó sanra bá jókòó síbẹ̀, sípíríǹgì àga á kan orí bátìrì, àga á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹ wá ìdérí fún un kí ẹ tó gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ fúkánísà, ẹ má sọ pé kó fún táyà yín ní atẹ́gùn 35 (psi) yíká. Iwájú Ìjàpá fúyẹ́: 16 sí 18 ló ń fẹ́ níbẹ̀, ẹ̀yìn á gba 24 sí 27. Bí iwájú bá le jù, ọkọ̀ á máa rìn gbéregbère, tí òjò bá sì rọ̀, kò ní gbọ́ tí ẹ bá yí ìtọ́kọ̀.

Lójú ọ̀nà, àwọn kan ń ki gíà kẹrin mọ́lẹ̀ ní ìyára 40 nítorí kí epo má baà tètè tán. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yí ni fáànù ṣe ń yí. Tí ẹ bá fi gíà ńlá pọn òkè, atẹ́gùn á dín kù nígbà tí ooru ń pọ̀ sí i. Ẹ já a sí kẹta, àní sí kejì, kí ẹ jẹ́ kó kígbe díẹ̀. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti Èfọ̀n Alààyè, gíà kejì ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀. Bíréèkì ìgbà yẹn kì í dúró bíi ti òde òní, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń rẹ̀ lẹ́yìn ìdúró mẹ́ta mẹ́rin tó le.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tiyín ní ìlú Ọba, epo E10 tó wà ní pọ́ńpù láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Super E5 ni kí ẹ rà.

Ẹ má sì ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní àfojúwò. Brazil ṣe ọkọ̀ yìí títí di ọdún 1996, Mexico sì ṣe é títí di ọdún 2003, nítorí náà ẹ̀yà ara tuntun ṣì wà. Ṣùgbọ́n ti ẹ́ńjìnì 1200 (bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó ni nọ́ńbà yìí) kì í wọ 1600. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà lára rẹ̀, lábẹ́ ìjókòó dàínámò: èyí tó bá fi D bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 1200, F jẹ́ 1300, H jẹ́ 1500. Ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ tó forí lé ọjà Ládípọ̀.