Ẹ má dúró de ìrora kí ẹ tó yẹ ojú wò
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo gbọ́ ẹnì kan lọ́jà Kabba tó ń sọ pé ojú ò dun òun, nítorí náà òun ò lè ní glákómà, àrùn tó ń ba iṣan tó ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ẹ gbọ́ o: èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í dunni rárá. Ìríran ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ẹ ó ṣì máa ka Bíbélì, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kì í ṣe kátáráàtì, èyí tó máa ń jẹ́ kí awò inú ojú ṣú bàìbàì. Wọ́n lè yọ ìyẹn kí ojú padà là. Ohun tí glákómà bá ti jẹ, ó lọ nìyẹn. Oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ kàn lè dáàbò bo èyí tó kù ni.

Tí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní i, ẹ tètè lọ yẹ ojú wò, pàápàá tí ẹ bá ti lé ní 40 ọdún. Ẹ ní kí wọ́n wo iṣan ìríran náà, torí ìfúnpá ojú (bí omi inú ojú ṣe ń ti ojú, tó sábà máa ń ga nínú àrùn yìí) lè dára kí àrùn yìí ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra oògùn ojú pupa ní kẹ́míìsì láìrí dókítà (mo mọ̀ yín o!), àwọn kan ní sítẹ́rọ́ìdì (oògùn tó ń mú wíwú àti pípupa rọlẹ̀) nínú, ó sì lè ti ìfúnpá ojú sókè.