Bí A Ṣe Ń Wádìí Ẹ́ńsáìmù Tó Ń Jí Kòkòrò Herpes Tó Lúgọ Sínú Sẹ́ẹ̀lì

Kòkòrò herpes simplex oríṣi 1, èyí tó máa ń fa egbò ètè, kì í kúrò lára ẹni tó bá ti kó o. Inú sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ojú lọ sí ọpọlọ ló máa ń lúgọ sí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan àwo kankan, kó yé e pé ohun kan ló ń tẹ kòkòrò náà rì níbẹ̀: èròjà NGF tó ń mú sẹ́ẹ̀lì náà wà láàyè ló ń mú ẹ́ńsáìmù PI3K ṣiṣẹ́, tí PI3K náà sì ń mú ẹ́ńsáìmù mìíràn, Akt, ṣiṣẹ́, bí iṣẹ́ yìí bá sì dáwọ́ dúró, kòkòrò lè jí.

Sẹ́ẹ̀lì iṣan tí a yọ láti ọrùn ọmọ eku tí a kò tíì bí ni mo fara mọ́ jù. Ẹ fi NGF bọ́ ọ, kí ẹ sì fi oògùn acyclovir sí i pẹ̀lú kòkòrò náà, kó má baà pọ̀ sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yọ acyclovir kúrò. Kí kòkòrò náà jẹ́ èyí tí a so GFP, purotéènì tó ń tàn ní àwọ̀ ewé, mọ́ purotéènì rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá jí, àwọ̀ ewé yóò máa tàn lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ wá kán oògùn LY294002, tó ń dí PI3K lọ́wọ́, sínú àwọn àwo kan, kí ẹ sì kán DMSO tí a fi po oògùn náà nìkan sínú àwọn yòókù. Nítorí pé LY294002 a máa dí ẹ́ńsáìmù mìíràn, mTOR, lọ́wọ́ pẹ̀lú, ẹ fi shRNA, ìyẹn RNA kékeré tó ń pa apilẹ̀ àbùdá kan lẹ́nu mọ́, dín p110α, tó jẹ́ apá kan PI3K, kù nínú àwọn àwo mìíràn, kí ẹ̀rí lè di méjì.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló wú mi lórí jù. Bí Akt bá ti dákẹ́, ẹ́ńsáìmù DLK yóò ta ẹ́ńsáìmù JNK jí, JNK yóò sì mú kí fọ́sífétì lẹ̀ mọ́ ipò 10 lára histone H3, purotéènì tí DNA ń wé mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipò 9 gan-an tí methyl, àmì kẹ́míkà kékeré tó ń pa apilẹ̀ àbùdá kòkòrò náà lẹ́nu mọ́, wà. Methyl náà kò tíì kúrò, síbẹ̀ agbára rẹ̀ ti pin. Ẹ fi oògùn tó ń dí JNK lọ́wọ́ sí i, nínú àwo kan ní àkókò kan náà pẹ̀lú LY294002, nínú òmíràn ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ lè mọ ìgbà tí JNK ń ṣiṣẹ́.

Bí àwọ̀ ewé kò bá yọ nínú àwo tí oògùn tó ń dí JNK lọ́wọ́ wà, ó lè jẹ́ pé oògùn ti pa sẹ́ẹ̀lì, tàbí pé kòkòrò jí ṣùgbọ́n kò lè pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ ka sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, kí ẹ sì fi kòkòrò náà ran sẹ́ẹ̀lì tuntun, láìsí acyclovir, pẹ̀lú oògùn JNK kan náà: bó bá pọ̀ sí i bó ṣe yẹ níbẹ̀, a jẹ́ pé jíjí gan-an ni JNK wà nídìí rẹ̀.