Ìrírí mi: Fáànù bọ́ílà tó ń gbọ̀n, àti kọnkéré tí wọ́n ní ká fọ́ lásán

Owó ńlá la rì mọ́lẹ̀ lábẹ́ fáànù tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Fáànù tó ń fa èéfín jáde lára bọ́ílà ló ń gbọ̀n ní ilé iṣẹ́ wa ní Àgbárá. A pe àwọn kan tó ń fi wíwọn ìgbọ̀n ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ jẹ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì kọ ìwé pé ẹsẹ̀ mọ́tò ti tú, ìpìlẹ̀ ti sán, ká fọ́ ọ. A fọ́ ọ, a da kọnkéré tuntun, a dúró kó gan. Ìgbà tí fáànù padà sẹ́nu iṣẹ́, ìgbọ̀n náà wà níbẹ̀ digbí. Kò pẹ́ sígbà náà ni kọ́ìlì mọ́tò ọ̀hún jó, a tún sanwó fún àwọn tó ń wé wáyà. Látìgbà náà la ti ń fọwọ́ ara wa wọn àwọn ẹ̀rọ wa.

Mọ́tò náà jẹ́ 45 kW, ó ń yí ní ìgbà 1,480 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ríǹ 6313 ló wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Irinṣẹ́ tí a lò ni sẹ́ńsọ̀ ìgbọ̀n 100 mV/g, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán spectrum (àwòrán tó ń pín ìgbọ̀n sí òpó-òpó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára sí), tákómítà tó ń ka ìyípo, míta iná, àti kámẹ́rà tó ń wo ooru. Bí wọ́n ṣe ń tan wọ́n wà nínú ìwé tó bá wọn wá. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ máa jókòó sí ni kẹ́ ẹ bojú tó. Ẹ ha ọ̀dà kúrò lára ilé bẹ́ríǹ títí irin yóò fi hàn, kí mágínẹ́ẹ̀tì lè dì í mú. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n kàn fọwọ́ tẹ̀ mọ́ mọ́tò kì í ka ohun tó bá ti kọjá bíi 1,000 Hz (ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) dáadáa, bẹ́ẹ̀ òkè ibẹ̀ ni bẹ́ríǹ ti máa ń kọ́kọ́ fi àìsàn rẹ̀ hàn. Irú sẹ́ńsọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a sanwó fún lò.

Ohun tó dá wa dúró pẹ́ jù lọ ni pé òǹkà ìgbọ̀n kan náà kì í dúró síbì kan. Lọ́jọ́ kan, 4.1 mm/s (ìyára ìgbọ̀n náà, mílímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), lọ́jọ́ kejì, 1.6. Ìlànà àgbáyé ISO 20816-3 lórí ìgbọ̀n ẹ̀rọ sọ pé ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ wà láàárín 15 kW sí 300 kW lórí ìpìlẹ̀ líle kò ní ìṣòro rárá bí kò bá ju 1.4 lọ. Bó bá ti kọjá 2.8, kéèyàn máa múra àtúnṣe sílẹ̀. Bó bá ju 4.5 lọ, kéèyàn pa á. Èwo nínú òǹkà méjèèjì ni ká wá gbà gbọ́? Ó ń sú èèyàn gidi. A yọ fáànù wò bóyá eérú ló lẹ̀ mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, a tún kọ́pílínì tó so mọ́tò mọ́ fáànù tò, a tú bóòtù ẹsẹ̀ mọ́tò níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú díálì lórí ẹsẹ̀ náà. Kò sí ẹsẹ̀ tó gbé sókè ju 0.05 mm lọ, nítorí náà kò nílò ṣíìmù, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tì sábẹ́ ẹsẹ̀.

Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orísun iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ yé wa. Gbogbo òǹkà gíga ló jẹ́ ti iná NEPA. Gbogbo òǹkà kékeré jẹ́ ti jẹnẹrétọ̀. Kọnkéré kan náà ló wà lábẹ́ méjèèjì o!

A wá padà sí àwòrán tí àwọn tó ní ká fọ́ ìpìlẹ̀ fi ránṣẹ́. Òpó gíga kan wà níbẹ̀ ní nǹkan bí 100 Hz, wọ́n sì kọ sí i lára pé ìlọ́po mẹ́rin ìyípo mọ́tò ni, èyí tó lè jẹ́ àmì pé nǹkan tú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyípo 1,480 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 24.67 Hz, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 98.7 Hz. Ìlọ́po méjì iná 50 Hz sì jẹ́ 100 Hz, àmì pé iná ló ń da mọ́tò láàmú. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò tó 1.5 Hz. Ìlà 400 ni wọ́n fi pín 1,000 Hz, ìyẹn ni pé ìlà kan gba 2.5 Hz. Kò sí bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe lè ya òpó méjì yẹn sọ́tọ̀. Àwa lo ìlà 3,200 lórí 500 Hz, ìlà kan wá jẹ́ nǹkan bí 0.16 Hz. Ìṣẹ́jú àáyá 6.4 ni sẹ́ńsọ̀ fi ń gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òpó náà jókòó sórí 100 gan-an. Ní 98.7, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan.

Ẹ̀rí kejì rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ jẹ́ kí fáànù máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ òpó náà, kẹ́ ẹ sì pa iná. Fáànù tó wúwo máa ń yí fúngbà díẹ̀ kó tó dúró. Ìgbọ̀n tó bá jẹ́ ti irin yóò máa rọlẹ̀ bí ìyípo ṣe ń rọlẹ̀. Ti iná yóò pòórá lójú ẹsẹ̀. Tiwa pòórá lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú pé a rí i, ó sì dùn mí dọ́kàn, torí pé ìdánwò yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ti ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù.

Lórí iná NEPA, fóltéèjì láàárín fééèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 404, 419 àti 402. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 408.3, èyí tó jìnnà sí i jù fi 10.7 yàtọ̀, ìyẹn ìdá 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlànà NEMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ iná ní Amẹ́ríkà, kò fẹ́ kó ju ìdá 1 lọ. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó máa jáde nínú áḿpìà máa ń tó ìlọ́po 6 sí 10 ti fóltéèjì, ooru ló sì ń dà nínú kọ́ìlì. Bí kọ́ìlì bá fi 10°C gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí nǹkan bí ìdajì. Mo gbà pé ìyà yẹn wà lára ohun tó jó mọ́tò wa.

Ohun méjì la bá nídìí rẹ̀. Fééèsì kan ṣoṣo ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì, tí jẹnẹrétọ̀ kì í gbé rárá. Ojú ìsopọ̀ wáyà fééèsì yẹn kan náà ní changeover sì gbóná ju àwọn yòókù lọ nínú kámẹ́rà. Bí ìsopọ̀ méjì tó ń gbé áḿpìà kan náà bá fi ju 15°C yàtọ̀ síra, ẹ má dọ́la kẹ́ ẹ tó tún un ṣe. Ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ kópà tó ń dán kẹ́ ẹ tó wò ó, torí irin dídán máa ń jẹ́ kí kámẹ́rà ka ooru kéré sí bó ṣe jẹ́. Téèpù náà sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ kí iná tó dé. A pín àwọn amúlétutù sórí fééèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a gé ẹnu wáyà tó ti jó, a fún lọ́ọ̀gì tuntun (irin ẹnu wáyà) mọ́ ọn. Òpó 100 Hz lọlẹ̀.

Àǹfààní tí mi ò retí ni pé nígbà tí ariwo yẹn kúrò, a rí òpó kékeré kan ní 76 Hz nínú àwòrán envelope (èyí tó ń fa ìró bẹ́ríǹ tó ń bàjẹ́ yọ) ti bẹ́ríǹ iwájú. Bọ́ọ̀lù 8 ló wà nínú 6313, bí òrùka òde rẹ̀ bá sì ní àbùkù, ó máa ń kígbe ní nǹkan bí ìlọ́po 3.1 ìyípo mọ́tò, ibẹ̀ gan-an nìyẹn. A ra bẹ́ríǹ sílẹ̀, a sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa bọ́ílà fún fífọ̀. Irin bẹ́ríǹ náà ti bó lápá ìsàlẹ̀ òrùka òde, níbi tí ẹrù ń tẹ̀.

Ní ti gíríìsì, ẹ má fa gọ́ọ̀nù títí yóò fi máa tú jáde. Ẹ fi 0.005 sọ ìbú òde bẹ́ríǹ ní mílímítà di púpọ̀, kẹ́ ẹ tún fi nínípọn rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀: 0.005 × 140 × 33 jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 23. Ẹ fa gọ́ọ̀nù yín nígbà mẹ́wàá sórí ìwọ̀n kẹ́ ẹ lè mọ iye tí fífà kan ń gbé jáde, torí gọ́ọ̀nù yàtọ̀ síra.

Bí ẹ bá sì ní jẹnẹrétọ̀, ẹ ya ìwé òǹkà rẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá sí ti NEPA. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ lè sáré dé 51.5 Hz, gbogbo òpó á sì sún lọ sápá ọ̀tún. Ẹ fi tákómítà ka ìyípo lójú ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá wọn. Bí àwọn tẹ́ ẹ pè bá gbé ìwé wá láìkọ ìyípo àti orísun iná sínú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí owó wọn.