Ọmọ ewúrẹ́ tí òtútù mú: ooru ló ṣáájú wàrà
Bí ọmọ ewúrẹ́ kò bá lè gbórí, tí inú ẹnu rẹ̀ sì tutù, ẹ má tíì fún un ní wàrà: ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó yanjú rẹ̀ nìyí. Mo fi aṣọ nù ún gbẹ, mo gbé e sínú páálí pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná méjì tí mo fi aṣọ wé (ìgò lásán á bó o lára), mo sì ń pààrọ̀ omi náà. Nígbà tí tẹmómítà ihò ìdí kà 38°C, tó sì gbórí, mo fún wàrà àkọ́kọ́ ìyá rẹ̀ sínú fídà: mílílítà 50 fún kílò kan ìwọ̀n ara ọmọ ewúrẹ́ náà.

Èyí tó ti lo ju wákàtí 5 láìmu wàrà yàtọ̀. Dókítà ẹran gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gún un ní glúkóòsì. Bí ara rẹ̀ bá móoru láìsí ṣúgà, gìrì á mú un.