Bí A Ṣe Ń Lo Ìpara Jẹ̀díjẹ̀dí Kí Ìdí Lè Rọ̀

Bí ẹnìkan bá ní ìdí ń ta òun ní Kàbà tàbí Ìsánlú, ṣúgà ni gbogbo ilé máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹ fi ṣúgà sílẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí (jẹ̀dí) ni, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní fùrọ̀ ló wú. Ìgbẹ́ líle tí a ń fi agbára tì, oyún, àti jíjókòó pẹ́ ní ilé ìgbẹ́ pẹ̀lú fóònù ló sì sábà máa ń fà á.

Ẹ lọ bá apòògùn, ẹ má tijú. Ìpara jẹ̀dí lè ní zinc oxide tó ń dáàbò bo awọ, lidocaine tó ń pa ìrora, tàbí hydrocortisone tó ń dín wíwú àti yíyún kù. Èyí tó bá ní hydrocortisone, ẹ má lò ó kọjá ọjọ́ 7 bí dókítà kò bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó lè sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí aláboyún kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì.

Ìpara orí fífọ́ tó máa ń ta lára kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá! Òrí tí àwọn ìyá wa ń ṣe kò burú, ó ń mú awọ rọ̀, àmọ́ kì í ṣe oògùn jẹ̀dí.

Kí ẹ tó fi ìpara sí i, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú baàfù tó mọ́, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ má da apakòkòrò tàbí iyọ̀ sí i. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi tẹ ibẹ̀ gbẹ, ẹ má nù ún gbọ̀ngbọ̀n.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ ọwọ́, ẹ fi ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan pa ibẹ̀, láàárọ̀, lálẹ́, àti lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, bí ìwé inú páálí kò bá sọ nǹkan mìíràn. Bí jẹ̀dí náà bá wà nínú, ẹ fi ìpara díẹ̀ sí ẹnu ike tó bá tíúbù wá kó lè yọ̀, kí ẹ rọra fi ẹnu ike náà bọ inú fùrọ̀, láì fi agbára tì í. Ẹ fọ ike náà, ẹ sì tún fọ ọwọ́.

Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá ṣì le, ìpara ń ṣiṣẹ́ lásán. Iyán kò ní láburú, kó ṣáà má dá wà: ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ, ẹ̀wà, ìbẹ́pẹ, àti omi dáadáa. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n yín, ẹ má ní ó di ilé.

Nípa àgbo jẹ̀dí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, pàápàá èyí tí wọ́n fi ọtí ṣe: ìgbẹ́ gbuuru ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fà, ìyẹn náà sì ń ta ibẹ̀.

Ìgbẹ́ dúdú, ẹ̀jẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró, rírù láì mọ ìdí, ibà, tàbí ìrora tí kò ṣeé fara dà: ẹ má tún ra ìpara, ilé ìwòsàn ló kàn.