Ìwé kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: bẹ́ ẹ ṣe máa rí i, bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe máa kà á

Ẹ jẹ́ ká ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀: ọ̀fẹ́ yàtọ̀ sí òmìnira. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, free, lèdè Gẹ̀ẹ́sì ní fún méjèèjì, ìyẹn ló jẹ́ kí Richard Stallman tó dá iṣẹ́ GNU, ti sọ́fútíwíà olómìnira, sílẹ̀ ní 1983 máa ṣàlàyé ṣáá pé òun ò sọ ti owó o, òmìnira lòun ń sọ. Yorùbá ti là á sí méjì fún wa látilẹ̀. Ìwé ọ̀fẹ́ lèyí tí wọn ò gbowó lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó kà á. Ìwé tó ní òmìnira lèyí tẹ́ ẹ lè dà kọ, tẹ́ ẹ lè fún ọ̀rẹ́, tẹ́ ẹ lè tẹ̀ sórí bébà, nígbà míì tẹ́ ẹ tún lè túmọ̀ ẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ò ní máa wá ìwé lọ sí ibi tí kò dáa, torí á ti rí i pé èyí tó tọ́ sí òun gan-an pọ̀ ju ohun tóun lè kà tán láyé yìí lọ.

Torí náà ìwé yòówù tẹ́ ẹ bá rí, ojú ewé kejì tàbí ìkẹta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ kọ́píráìtì sí. Tẹ́ ẹ bá rí Creative Commons, ìyẹn láìsẹ́ǹsì tí oǹkọ̀wé fi ń sọ ohun tẹ́ ẹ lè fi ìwé ẹ̀ ṣe, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. BY ni pé kẹ́ ẹ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. NC ni pé ẹ ò gbọdọ̀ fi pawó. SA ni pé ohun tẹ́ ẹ bá fi ìwé náà ṣe, irú láìsẹ́ǹsì kan náà lẹ máa gbé lé e. ND ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí: ẹ lè pín ìwé náà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún un kọ tàbí túmọ̀ ẹ̀, ẹ ò lè gbé e síta. Ẹ wo ìwé méjì yìí. Pro Git, ìwé lórí Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù, tí Scott Chacon àti Ben Straub kọ, BY-NC-SA ni, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa bá a ní oríṣiríṣi èdè lórí git-scm.com, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló túmọ̀ ẹ̀. The Linux Command Line ti William Shotts, BY-NC-ND ni, PDF ẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí linuxcommand.org, ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún èèyàn, àmọ́ tó bá wù yín láti túmọ̀ ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí òun fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ gbàyè. Irú kẹta wà tí oǹkọ̀wé kàn gbé ìwé síta pé ká wá kà á, tí kò fúnni láṣẹ míì rárá. Tiyẹn, lìnkì ni kẹ́ ẹ máa pín, ẹ má pín fáìlì.

Ti àtijọ́, tí kọ́píráìtì ẹ̀ ti tán, ó ti di ti gbogbo ayé. Gutenberg.org ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ. Ní July 4, 1971, Michael Hart, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, rí àyè lo kọ̀ǹpútà ńlá ilé ìwé ẹ̀, ohun tó sì fi ṣe ni pé ó jókòó, ó fọwọ́ tẹ Ìkéde Òmìnira Amẹ́ríkà wọnú ẹ̀rọ kí ẹlòmíì lè rí i kà. Ìwé tó wà níbẹ̀ lónìí ti lé ní 70,000. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé èèyàn kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ọdún 95 lẹ́yìn tí wọ́n tẹ àwọn ìwé àtijọ́ yìí jáde ni kọ́píráìtì wọn ń tán, nítorí náà gbogbo January 1 ni ìwé odindi ọdún kan máa ń bọ́ sọ́wọ́ wa, ti 1929 ló dé ní 2025. Níbi púpọ̀ láyé, ọdún 70 lẹ́yìn ikú oǹkọ̀wé ni wọ́n ń kà ní tiwọn, torí náà ẹ yẹ òfin ibi tẹ́ ẹ wà wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bot, ìyẹn ètò tó ń dá kó fáìlì fúnra ẹ̀, kó ìwé Gutenberg o. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé èèyàn ni sáìtì náà wà fún, wọ́n máa ń dènà ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó púpọ̀, wọ́n ní mirror, ìyẹn ẹ̀dà sáìtì náà níbòmíì, fún un.

Archive.org, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní 1996, gbòòrò jùyẹn lọ. Ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀rọ àtijọ́ àti magasíìnì kọ̀ǹpútà ayé 1980s kún ibẹ̀, ilẹ̀ lè ṣú bá yín níbẹ̀ kẹ́ ẹ má mọ̀. Àwọn ìwé kan wà tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń yáni ni, ẹ máa wo bọ́tìnì ẹ̀ dáadáa. Fún ìwé lórí kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ wá free-programming-books lórí GitHub, sáìtì táwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí, lìnkì ló kún ibẹ̀, wọ́n sì tò ó ní èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fojú fo RFC náà, àwọn ìwé tó sọ bí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Steve Crocker kọ àkọ́kọ́ ní April 1969, títí dòní ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò wá kàn báyìí, ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ìwé kan ni mò ń wá, mo gba orí sáìtì kan lọ, bọ́tìnì mẹ́rin ló wà lójú kan náà tí gbogbo wọn kọ Download, mo tẹ èyí tó tóbi jù. Fáìlì tó wọlé ní orúkọ ìwé náà, ó parí sí .pdf, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ìwé kankan tó ṣí, ojú ẹ̀rọ kàn ṣẹ́ bàìbàì lẹ́ẹ̀kan ni. Fáírọ́ọ̀sì ti wọlé nìyẹn. Orúkọ fáìlì náà gan-an ni .pdf.exe, ṣùgbọ́n Windows máa ń fi ìparí orúkọ pa mọ́ tẹ́ ẹ ò bá yí i padà, mi ò rí .exe yẹn rárá. Gbogbo ẹ̀rọ ni mo nù tí mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan bá a lọ. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń lo Windows, ẹ lọ sínú File Explorer, ẹ tẹ View, ẹ wá ibi tó kọ File name extensions, ẹ tan án sílẹ̀ lónìí. Kò sí ìwé tó nílò kẹ́ ẹ install ẹ̀, ìwé ọ̀fẹ́ kankan ò sì gbọdọ̀ béèrè nọ́ńbà káàdì yín. Ojúlé oǹkọ̀wé fúnra ẹ̀ ló dáa jù, ẹ wá orúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá orúkọ ìwé.

Tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń já, ẹ má fi bíráúsà wa fáìlì ńlá (download). Ẹ ṣí tẹ́míńà Linux, ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ tẹ `wget -c` kẹ́ ẹ lẹ lìnkì mọ́ ọn, -c yẹn ló máa jẹ́ kó máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí, kò ní tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà SHA256, àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣírò látinú fáìlì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, `sha256sum` ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí Linux, tí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, fáìlì ò pé tàbí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Fún ibi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, Kiwix ni o, ápù tó ń ṣí àkójọ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n dì sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ ZIM. Ẹ wa fáìlì ZIM kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, odindi Wikipedia tàbí ìwé Gutenberg á wà nínú ẹ̀, ẹ lè fi USB gbé e káàkiri, ojú ewé á máa ṣí láìsí dátà. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mò ń dárúkọ níbí, èyí ló sún mọ́ mi lọ́kàn jù.

PDF àbí EPUB? Lórí fóònù, EPUB, torí ọ̀rọ̀ á máa ká ara ẹ̀ bí ojú fóònù ṣe fẹ̀ sí. PDF dà bíi fọ́tò bébà, ẹ ó máa fi ìka fà á sọ́tùn-ún sósì. Ṣùgbọ́n ìwé tí kóòdù tàbí ìṣirò bá pọ̀ nínú ẹ̀, PDF lórí kọ̀ǹpútà, torí EPUB máa ń gé ìlà kóòdù níbi tí kò yẹ, ní Python ìyẹn lè da ìtumọ̀ rú.

Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà EPUB kan, ẹ yí ìparí orúkọ ẹ̀ sí .zip, ẹ ṣí i. Fáìlì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ mimetype, `application/epub+zip` nìkan ló wà nínú ẹ̀. Fóldà META-INF wà, container.xml inú ẹ̀ ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì .opf wà, ìyẹn ló to orí ìwé sílẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, orí kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ XHTML, bí ojú ewé wẹ́ẹ̀bù lásán. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ṣe ni mo dìde dúró. Tí lẹ́tà ìwé yín bá kéré jù, CSS, fáìlì tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí lójú, ló wà nínú ibẹ̀ yẹn, ẹ lè tún un ṣe. Ẹ kàn rántí pé tẹ́ ẹ bá ń dì í padà, mimetype ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, wọn ò sì gbọdọ̀ fún un pọ̀. Tíyẹn bá le, Calibre, ètò tó ń tọ́jú ìwé orí kọ̀ǹpútà tó sì ń yí i padà, tí Kovid Goyal bẹ̀rẹ̀ ní 2006, máa bá yín ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, òmìnira sì ni.

Nígbà míì ẹ máa ṣí fáìlì .txt tó ní Yorùbá nínú, gbogbo ibi tó yẹ kí ẹ wà lẹ máa rí áº¹. Ìwé ò bàjẹ́ o. Nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi nọ́ńbà tọ́jú lẹ́tà, tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992, báìtì mẹ́ta ni lẹ́tà ẹ, E1 BA B9. Ápù tó bá rò pé Windows-1252, ọ̀nà àtijọ́ míì, ni fáìlì náà á mú báìtì kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà kan, E1 á di á, BA á di º, B9 á di ¹. Ẹ má tẹ Save lásìkò yẹn, ìgbà yẹn gan-an ló máa wá bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ tún un ṣí, ẹ sọ fún ápù pé UTF-8 ni, tó bá jẹ́ Calibre lẹ fẹ́ fi sọ ọ́ di EPUB, ẹ kọ utf-8 sí ibi tó kọ Input character encoding.

Kíkà wá kù. Mo ti kó PDF tó lé ní ẹgbẹ̀rún jọ rí, ìwé kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ tẹ gbogbo kóòdù inú ẹ̀ ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ ṣí ìwé sápá kan, tẹ́míńà sápá kejì, ẹ má ṣe copy kóòdù, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó ṣàṣìṣe, ẹ ó gbàgbé àmì kan, ẹ̀rọ á bínú, ẹ ó wá a títí ẹ ó fi rí i, wíwá yẹn gan-an lẹ̀kọ́ọ́ ti ń wọlé.

Tẹ́ ẹ bá rí àṣìṣe inú ìwé, ẹ sọ fún ẹni tó kọ ọ́. Pro Git wà lórí GitHub, ẹ lè ṣí issue, ìyẹn ìròyìn àṣìṣe, síbẹ̀. Ẹ kọ orí ìwé àti gbólóhùn tí àṣìṣe náà wà, ẹ kọ bó ṣe wà, ẹ kọ bó ṣe yẹ kó wà, tó bá jẹ́ kóòdù, ẹ kọ version tẹ́ ẹ fi dán an wò àti ohun tí ẹ̀rọ dá yín lóhùn gan-an, lẹ́tà fún lẹ́tà.