Bí mo ṣe gbé Bacchus wá sí Àgbádárìgì

Àwòrán Bacchus, òrìṣà wáìnì àwọn ará Róòmù, tí Caravaggio, ayàwòrán ará Ítálì, yà ní nǹkan bí ọdún 1596 wà ní Uffizi, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Florence: ọ̀dọ́mọkùnrin tó da aṣọ funfun bo èjìká kan, tó na ife wáìnì sí ẹni tó ń wò ó. Kámẹ́rà ni mo fi tún un yà ní Àgbádárìgì, ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ni mo sì fi sípò rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni Bacchus fi na ife. Nílé wa, a kì í fi òsì fún èèyàn ní nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òsì ni àwọn Ògbóni fi ń kí ara wọn. Mi ò yí i sí ọ̀tún. Ara tó máa kọ́kọ́ kọ ọwọ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà dúró lé: ṣé wàá gba ife náà àbí o ò ní gbà á? Rotimi Fani-Kayode, ayafọ́tò tó fẹ́ràn ọkùnrin, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1955, ti la ọ̀nà yìí fún wa kó tó kú ní 1989.

Fèrèsé kan ṣoṣo tó. Èyí tó kọjú sí ọ̀sà kò dára: oòrùn ń ta lórí omi, ìmọ́lẹ̀ á wá máa jó lára ògiri. Èyí tó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀sà ni mo lò, mo sì ta aṣọ dúdú yáàdì 4 sí òdìkejì, torí ògiri funfun máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, òjìji á sì pòórá.

Lẹ́ńsì 50mm, f/4 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe là tó), ISO 400 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), 1/60 ìṣẹ́jú àáyá. Dúdú tó yí èèyàn ká máa ń tan kámẹ́rà jẹ, ìṣẹ́po aṣọ funfun á pa rẹ́. Mo fa ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà wálẹ̀ sí −1. Síbí òróró àgbọn kan tó fún èjìká àti àyà. Má fi kan iwájú orí, á kàn máa dán gbinrin ni.

Ẹmu ò ṣeé lò, funfun lórí funfun. Sóbò ló dára, àmọ́ fi omi là á. Èyí tó bá ki, dúdú ló ń jáde nínú fọ́tò. Apá tó na ife máa ń gbọ̀n, àpótí kékeré lábẹ́ aṣọ ni mo fi gbé ìgbọ̀nwọ́ náà. Ìtàkùn ọ̀dúnkún dípò ewé àjàrà: ó tètè ń rọ, inú omi ni kó wà títí dìgbà tó o bá fẹ́ yà á. Màrìwò á rọrùn jù, àmọ́ ojúbọ ni gbogbo èèyàn á rò.

Òfin 2014 tí Nàìjíríà fi ka ìgbéyàwó àti ìfẹ́ gbangba láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin léèwọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tí mo yà ló sọ ibi tí fọ́tò lè dé, mo sì yọ ibi àti aago tí kámẹ́rà kọ sínú fáìlì. Àpá tó lè jẹ́ kí wọ́n dá a mọ̀, ẹ̀gbẹ́ òjìji ni mo yí i sí.